Àwọn Lańlọ́ọ̀dù Gìgísẹ̀ Ìyá Mi

Èmi ni mo ya fọ́tò náà. Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí pé ní gbogbo Fọlá Àgòrò, àdúgbò wa ní Ṣómólú, báyìí, bí mo bá ti yọ fóònù níta, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá púlọ́ọ̀tì ṣì kù. Mo ya fọ́tò, òótọ́ ni. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wá kọ́lé síbẹ̀.

Bí àwọn kan ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìsinmi, fọ́tò lèmi fi ń najú. Kì í ṣe fọ́tò ẹni tó dúró síwájú kéèkì tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ o. Nǹkan kékeré ni mo máa ń yà, láti ìtòsí gan-an, débi pé ẹni tó bá rí i á kọ́kọ́ yí fóònù po kó tó mọ ohun tó ń wò. Mo ní lẹ́ǹsì kan tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, òun ni mo máa ń há mọ́ ojú fóònù mi. Mo ti fi ya irun ara ilá, hóró iyọ̀ kan, orí ìṣáná tó ti jó, imú ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa, àti eèrà kan tó ń wọ́ èérún búrẹ́dì lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá. Ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tí mo ti ń tajà ní Akoka, bí oníbàárà bá pè mí tí mi ò dáhùn, kó wá mi sẹ́yìn káńtà, hóró oògùn kan ni mo dojú kọ. Ìyá mi ní wèrè aláṣọ ni mí. Mo ní ṣebí mo ṣì ń wọṣọ.

Munirat lorúkọ ìyá mi, ṣùgbọ́n Ìyá Fareedah ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aṣọ fífọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìsẹ́yìn wá sí Ṣómólú. Orí sìmẹ́ńtì ló ń dúró sí, nínú omi ọṣẹ, láìwọ bàtà, títí gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi là. Ti òsì ṣì ní àánú. Ti ọ̀tún là débi pé kọ́bọ̀ lè wọ inú rẹ̀ kó sọnù. Ìyá mi sì ní àtọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹsẹ̀ náà wò kò fi bò fún wa: ó ní kó máa ki ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ lójoojúmọ́, kí a máa fi òkúta ha òkú awọ kúrò, kí a sì máa fi òrí pa á. Ó ní bí ibi tó là yẹn bá fi lè di egbò, ẹsẹ̀ náà lè bá a lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá mi ní òun ti gbọ́, pé a máa bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè.

Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ni mo ya fọ́tò náà. Mo mọ̀ pé bí a bá ti ha á, mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Oòrùn àárọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé látẹ̀gbẹ́, ó ń bọ́ sínú ojú lílà kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ́ kí àwọn ibi tó ga ní òjìji. Nígbà tí mo wò ó lójú fóònù, mo pariwo ayọ̀. Ilẹ̀ pupa gbẹrẹgẹdẹ ló dà, ọ̀nà ńlá kan là á kọjá láàárín, àwọn ọ̀nà kéékèèké ya kúrò lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, òkè pẹlẹbẹ sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fi han ìyá mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fi ẹsẹ̀ òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti ń pèsè káléńdà kan lákòókò yẹn, fọ́tò méjìlá fún oṣù méjìlá, kí n lè pín in fáwọn ọ̀rẹ́ mi. Gìgísẹ̀ ni mo fi sí oṣù kẹjọ. Mo gbé e lọ fún Olúmúyìwá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Àwọn onítẹ̀wé wa yìí, bí iṣẹ́ ẹ bá kéré, wọn kì í gbé e sórí ẹ̀rọ lóun nìkan. Wọ́n á kó iṣẹ́ oníbàárà mélòó kan jọ sórí pèpà ńlá kan ṣoṣo, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á wá gé e sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí owó lè dínkù fún gbogbo yín. Iṣẹ́ tó wà lórí pèpà pẹ̀lú tèmi ni ti Àjàlá, ejẹ́ǹtì ilẹ̀. Olúmúyìwá gbé fọ́tò wa sípò ara wọn. Nígbà tí mo bi í pé kí ló fà á, ó ní àwọn méjèèjì ló jọ ilẹ̀ lójú òun, pé tèmi tiẹ̀ jọ ọ́ jù.

Bí oṣù kẹjọ mi ṣe di igbó tí pátákó dídípẹtà kan dúró láàárín rẹ̀ nìyẹn, tí gìgísẹ̀ ìyá mi sì bọ́ sórí ìwé ìpolówó tí Àjàlá lẹ̀ káàkiri ògiri Bàrígà. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ gbígbẹ ni, kò sí omi, ọ̀nà ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé etí ọ̀sà ní Bàrígà mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀ dáadáa, orí bẹ́ẹ̀dì lèèyàn ń sá gùn. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń fi ṣàdúrà. Wọ́n rí fọ́tò mi, wọ́n sì dá owó sílẹ̀ láìjanpata. Kí Àjàlá fúnra rẹ̀ tó wo ìwé ìpolówó rẹ̀ dáadáa, ó ti tà á tán.

Mọ́ńdè tí a dá kọjá láìṣe nǹkan kan, nítorí pé ìyá mi ní sùtánà ìjọ kan tó gbọ́dọ̀ funfun kó tó di Sọ́ńdè. Ó ní kí n ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn dé, ó tún sún un síwájú. Ní Sátidé kan, mo ń bá a sá aṣọ sórí okùn nígbà tí èrò wọ inú ọgbà wa. Àjàlá ló kẹ́yìn, ó ń nu òógùn. Ẹni tó ṣíwájú ni Sabina, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja yíyan létí ọ̀sà Bàrígà, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi tó ń lọ ṣáájú rẹ̀. Ó na ìwé ìpolówó sí mi.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Onítẹ̀wé ní ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò ilẹ̀ yìí."

"Èmi ni, mà. Àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀. Gìgísẹ̀ màmá mi ni."

Sabina wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. "Màmá yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n wà nílé?"

"Wọ́n wà."

"Àti gìgísẹ̀ yẹn?"

"Wọn kì í fi í sílẹ̀ jáde, mà."

Mo rò pé ìjà ti dé, mo sì ti ń fojú wá ọwọ̀. Ìyá mi jókòó sórí àga gbọọrọ, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí. Sabina bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìwé ti ẹsẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ojú ibi tó là.

"Ọ̀nà tí Àjàlá ní ìjọba máa da ọ̀dà sí nìyí. Tèmi ni ìkẹta lápá òsì." Ìka rẹ̀ dúró. Ó rọra tẹ ibẹ̀. "Ó gbẹ lóòótọ́."

"Ẹ̀yin mà," mo ní, "ẹsẹ̀ èèyàn lẹ dì mú yẹn."

"Àbúrò, mi ò fọ́jú. Ilẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rà láyé mi, ẹni mẹ́ta ni wọ́n ti tà á fún kí n tó débẹ̀. Èyí tí mo tún rà, àárín omi ló wà, ẹja gan-an ò lè gbébẹ̀. Èyí rèé, mo rí i, mo fọwọ́ kàn án. Fọlá Àgòrò ló wà, kéké kan péré ni látọ̀dọ̀ mi. Kí ni mo tún ń wá?"

Àwọn tó kù mi orí. Wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn, Bàbá Bámilóyè, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń gbé yàrá kan ní Ṣómólú láti ìgbà tí kò tíì hu ewú. Òun ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó wá púlọ́ọ̀tì rẹ̀ rí lápá ibi tí gìgísẹ̀ ti pàdé àtẹ́lẹsẹ̀, kọ́nápíìsì, ilẹ̀ igun tó tẹ́jú, tí kò là rárá. Ó ní ó dára, ó sì padà lọ dúró lẹ́bàá ògiri. Ara Àjàlá wá yá gágá. Ó ní ṣé ẹ rí i, òun ò purọ́ rí.

Mo ń retí kí ìyá mi lé wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bi wọ́n bóyá wọ́n á mu omi. Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n ń kí i ní "Ìyá onílẹ̀", ó sì ń dáhùn. Ìyá mi ò ní ilẹ̀ rí láyé rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, mo sì rí i pé oyè yẹn wọ̀ ọ́ lára. Inú bí mi, mi ò ní parọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù sílẹ̀. Sabina ni alága. Inú ọgbà wa ni wọ́n ti ń ṣèpàdé ní Sátidé, torí wọ́n ní ó yẹ kí ìpàdé lańlọ́ọ̀dù wà nítòsí ilẹ̀. Wọ́n fi báírò kọ ọ́ sí gìgísẹ̀ ìyá mi pé ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, Ẹ ṢỌ́RA FÁWỌN GBÁJÚẸ̀. Lẹ́tà yẹn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè kà á, ni wọ́n bá ní kí n gbé lẹ́ǹsì mi wá. Láti ọjọ́ náà, fọ́tò tí mo fi ń najú di iṣẹ́ sọ́fè, ìyẹn ilẹ̀ wíwọ̀n. Gbogbo Sátidé ni mo gbọ́dọ̀ ya gìgísẹ̀ látorí dé ìdí, kí wọ́n lè fi ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n wò ó bóyá ẹnì kan ti wọ ilẹ̀ ẹnì kejì. Irun ara ilá tó wù mí í yà ń gbẹ nínú abọ́. Àwọn méjì tiẹ̀ jà nítorí ààlà, ọ̀kan ní omi ọṣẹ ti gbé ilẹ̀ òun sún mọ́ kókósẹ̀. Ìjọ kan ránṣẹ́ wá bi wá bóyá àyè wà lórí àtàǹpàkò. Nígbà tí Àjàlá wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ òsì, tó ń pè é ní Féèsì Tú, ìpele kejì, ìyá mi lọ ra ìbọ̀sẹ̀.

Àlùwàlá ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá mi ń fọ ẹsẹ̀ kó tó kírun, bí gbogbo Mùsùlùmí. Àwọn lańlọ́ọ̀dù ní omíyalé ni. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ wá bẹ ìyá mi pé ṣé kò lè máa fi erùpẹ̀ ṣe é, torí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀sìn gbà á láyè fún aláìsàn, pé yanrìn tó bá kù níbẹ̀ á tiẹ̀ bá wọn kún kòtò. Ìyá mi ní bí òun bá fẹ́ gbọ́ fàtúwà, òun mọ ilé Ààfáà.

Ṣùgbọ́n ti omi iyọ̀ àti òkúta ló ń dùn mí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé bàsíà jáde, ẹnì kan á ti yọjú. Wọ́n ní dìmọ́líṣàn ni mo fẹ́ ṣe, láìsí ìwé àṣẹ. Wọ́n ní òrí á jẹ́ kí ọ̀nà máa yọ̀. Mo bínú, mo ṣàlàyé, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Wọ́n gbọ́, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ní kí n jẹ́ kó di lẹ́yìn ìpàdé. Ìyá mi náà á wá máa bá wọn bẹ̀ mí.

"Fareedah, sùúrù. Wọ́n ti sanwó."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbowó ọ̀hún?"

"Mi ò gbà á. Àmọ́ orí mi ni wọ́n rà á sí."

"Ẹsẹ̀ yín ni, Ìyá. Ẹsẹ̀ yín kan ṣoṣo lápá ọ̀tún."

Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ó sì rò pé mi ò mọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo há lẹ́ǹsì mọ́ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ya sọ́fè wọn, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà ńlá. Kò pọ̀. Lójú ẹni tó dúró, kò tó orí abẹ́rẹ́. Lójú lẹ́ǹsì mi, odò ni. Mo pe Sabina kó wá wò ó, ó wò ó fínnífínní, ó sì pe àwọn yòókù.

"Erósọ̀n ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká dáwó. A máa kó sánbáàgì síbẹ̀."

Ọ̀kan nínú wọn bọ́ síwájú pẹ̀lú òwú tútù, ó ń fi ìka dì í sínú ojú lílà náà. Ìyá mi kérora. Níbẹ̀ ni sùúrù mi tán. Mo gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀, mo ju téèpù tí Àjàlá fi ń wọnlẹ̀ sórí òrùlé, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ sọ lójú àgbà. Mo ní àwọn tó bá fẹ́ máa gbé lórí ìyá mi, kí wọ́n kọ́kọ́ wá gbé lórí èmi. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún, torí ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n á sì sin ín, àwọn èèyàn wọ̀nyí á sì wá máa pín ilẹ̀ níbi sàréè.

Ìyá mi ní kí n jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àpótí sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú wọn.

"Inú ilé onílé ni mo ti ń gbé láti ìgbà tí mo dé Èkó," ó ní. "Wọ́n ti lé mi rí láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo tibi iṣẹ́ dé, mo bá bẹ́ẹ̀dì mi níta nínú òjò, Fareedah wà lẹ́yìn mi. Mi ò ní ṣe irú ẹ̀ fún yín. Mo fún yín di Sátidé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan kan ní gìgísẹ̀ mi, kó wá kó o."

"Ẹ ò lè lé wa, Ìyá onílẹ̀," Sabina wí. "A ti rà á."

"Ọwọ́ Àjàlá lẹ ti rà á. Ẹsẹ̀ Àjàlá ńkọ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí ẹsẹ̀ Àjàlá. Ó fà á sábẹ́ àga. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà fún ẹni tó bá fẹ́, wọ́n sì ní kò dúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, mo gbé omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ jáde láàárọ̀, pẹ̀lú òkúta àti ọpọ́n òrí. Ìyá mi ki ẹsẹ̀ bọ bàsíà. Mo rò pé wọ́n máa pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n tò yí bàsíà ká bí èrò ìsìnkú. Àwọn kan wo ẹsẹ̀ náà nínú omi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì lọ. Sabina ló bọ́ síwájú. Ó gba òkúta lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé gìgísẹ̀ tó ti rọ̀, kò sì tíì ha á.

"Omi ti gbé ilé wa lọ lẹ́ẹ̀mejì ní Bàrígà," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré, mi ò mọ̀ pé ó lè kéré bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀," ìyá mi wí. "Ẹ ha á. Kò ní dùn mí."

Sabina ha púlọ́ọ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kó ohun tó ṣí kúrò sínú ọ̀rá kékeré kan, ó so ó lẹ́nu, ó fi í sábẹ́ aṣọ láyà rẹ̀. Kò kí wa kó tó jáde, mi ò sì bínú sí i.

Ó wá ku Bàbá Bámilóyè nìkan. Ó ti wà lẹ́bàá ògiri láti ìgbà tí a ti ń gbé omi kaná. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, èyí tó rán fúnra rẹ̀, ó sì lọ̀ ọ́. Mo na òkúta sí i. Kò gbà á.

"Ìyá Fareedah, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Kí n tó wó o, mo fẹ́ jókòó níwájú ẹ̀ díẹ̀. Mi ò jókòó níwájú ilé ara mi rí."

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi, ó nù ún gbẹ, ó gbé e padà sórí àpótí. Ó bi mí pé níbo gan-an ni ti Bàbá wà. Mo wo fọ́tò inú fóònù mi, mo fi ìka tọ́ka sí i, ó sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kọ́nápíìsì náà fi kọjú sí títì.

Bàbá Bámilóyè gbé àga kékeré kan wá, ó jókòó ti ẹsẹ̀ náà, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó dojú kọ géètì wa tó ṣí sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ. Wọ́n ń kí i pé ẹ káàárọ̀ o, Bàbá, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Obìnrin kan tó gbé igbá dúró bi í bóyá ibí ló ń gbé, torí òun ò rí i rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá Bámilóyè wí. "Ilé mi nìyí."

Ẹsẹ̀ ìyá mi ti ń gbọ̀n nítorí pé ó na án síbì kan ṣáá, ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò. Omi inú bàsíà ti tutù. Ó fojú sọ fún mi pé kí n lọ gbé òmíràn kaná. Mo lọ, mi ò sì yára.